Ẹ Kú Ìnáwó, Aláàpótí: Bí A Ṣe Ń Kó Àrọ̀ àti Epìyà Sójú Kan Láì Bèèrè Lọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

Ẹ kú ìnáwó o. Ẹni tó bá ti ra àpótí gíláàsì tán, tó gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀, tó sì ti fọ́nnu fún àlejò mẹ́ta pé ẹja ń bọ̀ wá gbé inú rẹ̀, ìkíni tó tọ́ sí i nìyẹn. A ò tíì lè kí yín kú oríire. Oríire ṣì wà lójú ọ̀nà, ọkọ̀ rẹ̀ sì lè yọnu.

Ìwé ìlànà yìí kì í ṣe fún ọlọ́gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n á ti bi ẹni tó mọ̀ ọ́n léèrè, wọ́n á ti dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì ti tán. Ẹ̀yin la kọ ọ́ fún, ẹ̀yin tí ẹ rí àrọ̀ lọ́jà, tí ẹ rí epìyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ọkàn yín sì sọ fún yín pé àwọn méjèèjì á yẹ inú àpótí kan, ọ̀kan dúdú, ìkejì ń dán bíi fàdákà, bí ẹni dá aṣọ ẹbí méjì fún òde kan ṣoṣo. Àwọn ẹja pupa kéékèèké tí gbogbo ayé ń sìn ò wù yín. Ẹja ilé lẹ fẹ́.

Ká má parọ́, èrò yín ò burú pátápátá. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ làwọn méjèèjì ti jọ ń gbé odò. Ẹ ju àwọ̀n sí odò Ògùn, ẹ lè fa àwọn méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ló bá àwọn méjèèjì lára mu. Kódà orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pè wọ́n nínú ìwé, odò ló bí i. Àrọ̀ ni Clarias gariepinus, orúkọ tí Burchell fún un ní 1822 nítorí odò Gariep ní gúúsù Áfíríkà. Epìyà tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ẹja ni Oreochromis niloticus, èyí tí Linnaeus ti sọ lórúkọ ní 1758 nítorí odò Náílì. Ọmọ odò ni wọ́n lórúkọ, ọmọ odò ni wọ́n níwà. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ gbọ́dọ̀ gbàgbé, kí ìwé yìí lè ṣiṣẹ́ fún yín, ni pé odò ò lógiri.

Èmi tí mò ń kọ ọ́ náà kì í ṣe àjèjì sí ìmọ̀ yìí. Mo ti gboyè nínú rẹ̀. Epìyà mẹ́fà àti àrọ̀ kan ni mo kó wálé lọ́jọ́ Sátidé kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, àrọ̀ kan ló kù, ara rẹ̀ sì ń dán. Ìyàwó mi wo àpótí náà títí, ó ní, "Bàbá Ṣèyí, àwọn tó kù ńkọ́?" Mo ní bóyá wọ́n sá pamọ́ sábẹ́ òkúta. Òkúta mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn ò ju ẹyin adìyẹ lọ.

Ó yá, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè.

Àpótí

Ẹ ra èyí tó kéré, tó sì ga. Bó bá ṣe ga tó ni àlejò á ṣe tètè rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹja mí dáadáa ni kó lọ ra èyí tó gùn tó sì fẹ̀, torí ojú omi ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú omi. Bí ojú omi bá ṣe fẹ̀ tó ni èémí ẹja ṣe ń tó o tó. Ẹ̀yin ò ra àpótí torí èémí.

Àrọ̀ tí ẹ máa mú wálé ò ní ju ìka ọwọ́ lọ, ẹ ó sì rò pé bó ṣe máa wà nìyẹn. Àwọn tó ń sìn ín fún títà máa ń bọ́ ọ fún bí oṣù mẹ́fà kó tó wọn kílò kan. Nínú odò, ó lè gùn ju mítà kan lọ. Àpótí yín gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ má ṣe ìṣirò kankan níbí yìí. Ìṣirò ló máa ń ba ìgbádùn jẹ́.

Tí ìṣirò bá tilẹ̀ ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kó o lọ sọ́dọ̀ tábìlì. Lítà omi kan, kílò kan ni. Àpótí tó ń gba 200 lítà, omi inú rẹ̀ nìkan wúwo tó àpò ìrẹsì mẹ́rin, àpò oníkílò 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò tíì ka gíláàsì, a ò tíì ka òkúta. Ẹ gbé e sórí tábìlì oníke tí ẹ rà nígbà ìkómọ. Bí ẹsẹ̀ tábìlì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ká páálí sábẹ́ rẹ̀.

Ìdérí ńkọ́? Ẹ má dá ara yín láàmú. Ọ̀rọ̀ ìdérí yìí gba àlàyé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àrọ̀ ti fi han gbogbo wa pé ẹja lásán kọ́ lòun. Lókè ibi tí ẹja yòókù fi ń mí nínú omi, àrọ̀ tún ní ẹ̀yà ara kan tó yọ ẹ̀ka bí igi kékeré, òun ló fi ń gba irú afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí. Ìdí nìyẹn tó fi lè wà nínú báàsì ìyá ẹlẹ́ja láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú omi tí kò bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí á sì tún ta ìpá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí òjò bá rọ̀ lóru tí ilẹ̀ sì tutù, ó lè fi ẹ̀gún ìhà rẹ̀ méjèèjì ta ilẹ̀, kó máa yí ara bí ejò, kó sì kó lọ sí adágún mìíràn. Kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ lándìlọọ̀dù.

Àwọn ará Kúbà lè sọ tiwọn fún yín. Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni wọ́n kó ẹja yìí wọ ìlú wọn kí oúnjẹ lè pọ̀ fún aráàlú. Ìkún omi dé, àrọ̀ jáde nínú adágún, ó gba odò lọ, ó gba kòtò ojú títì lọ. Claria ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní, wọ́n sì ń ráhùn pé ó ń jẹ ẹja tó bá nílé. Tí odindi erékùṣù ò bá rí àrọ̀ dé mọ́lẹ̀, kí wá ni ìdérí ike pẹlẹbẹ kan fẹ́ ṣe ní pálọ̀ yín? Ẹ fi owó yẹn ra gílóòbù aláwọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jí tí ẹ ò bá a nínú àpótí, ẹ wo abẹ́ àga. Á ti fi ara kó gbogbo eruku tí ìgbálẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ọdún Kérésì, á sì ṣì máa mí.

Omi

Ẹ pọn ọ́n láàárọ̀, ẹ kó ẹja sí i lọ́sàn-án. Omi ẹ̀rọ ìjọba lè ní kílóríìnì nínú, àwọn onísùúrù a máa gbé e kalẹ̀ sínú báàsì fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí oògùn náà lè fò lọ. Omi kànga ẹ̀rọ ò ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè kan, ó sì lè ní dógùn-ún. Gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò níṣẹ́ ni. Ẹ̀yin lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣíjú kúrò lára rẹ̀ ni pé ẹja kì í jáde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ibi tó ti ń jẹun ló ti ń yàgbẹ́, ibẹ̀ náà ló ti ń mí. Ohun tó ń gba ibi tó fi ń mí jáde, tó sì ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ni wọ́n ń pè ní amóníà. Májèlé ni, agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bí omi bá ṣe ń gbóná. Nínú odò, ìṣàn á gbé e lọ fún ará ìsàlẹ̀. Nínú àpótí, àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń bá wa palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn kan á sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà ṣì burú. Àwọn mìíràn á gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sọ ọ́ di nitrate, tí ẹja lè fara mọ́ díẹ̀ títí ẹ ó fi pààrọ̀ lára omi. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò yìí tó pọ̀ tó iṣẹ́. Orí òkúta, ara gíláàsì àti inú asẹ́ ni wọ́n ń gbé. Wọn ò gba owó oṣù, wọn ò sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń ṣe ìmọ́tótó, ẹ da gbogbo omi nù. Ẹ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ri asẹ́ sínú blíìṣì títí á fi funfun. Ẹ ti pa gbogbo òṣìṣẹ́ yín lówùúrọ̀ kan ṣoṣo, omi á sì mọ́ gaara débi pé àlejò á fẹ́ bù ú mu. Ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú omi tó mọ́, ẹ̀yin á sì máa sọ pé àfi bí ayé bá lọ́wọ́ sí i.

Ohun kan wà tó máa ràn yín lọ́wọ́ láti pẹ́ nínú àṣìṣe yìí: àrọ̀ àti epìyà lágídí. Omi tí ẹja mìíràn á kú sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn á fara dà á fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ẹ ó máa gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn.

Lọ́jà

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja. Ẹ bi í pé ṣé àwọn méjèèjì lè gbé pọ̀. Á ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣebí inú báàsì kan náà ni wọ́n wà láti àárọ̀." Ẹ gbà á gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Lóòótọ́, nígbà kan rí, àwa náà máa ń wà nínú mólúè kan náà láti Ọ̀ṣòdì dé Ọbáléńdé, apá ẹnì kan lẹ́nu ẹnì kejì, kò sì sí ẹni tó pe ìyẹn ní ìgbéyàwó. Ẹja tí wọ́n kó há báàsì lójú oòrùn, tí ọwọ́ ń rọ́ sí i lọ́tùn-ún lósì, kò rántí oúnjẹ. Ẹ kó o délé, kí ilẹ̀ ṣú, kí ariwo rọlẹ̀, á rántí.

Àrọ̀ ò ní ọ̀tá, kò sì ní ọ̀rẹ́. Ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀, oúnjẹ ni. Èyí tí kò bá wọ̀ ọ́, aládùúgbò ni, títí di ọjọ́ tí ẹnu á tún fẹ̀ sí i. Ojú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ mẹ́jọ ni, àwọn ló fi ń tọ́ ohun gbogbo wò nínú òkùnkùn. Alẹ́ ló ń ṣọdẹ. Epìyà ní tirẹ̀, ọ̀sán ló ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tílẹ̀ bá ṣú, á lọ dúró jẹ́ẹ́ sí igun kan, á máa sinmi. Ẹ rí i bí ètò náà ṣe dán mọ́rán: ọ̀kan sùn, ìkejì jí, ilẹ̀kùn ò sí láàárín wọn. Oúnjẹ alẹ́ ẹnì kan ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àrọ̀ ò sì ṣe é fún epìyà nìkan. Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ àrọ̀ mọ̀ pé bí èyí kan bá ti yára tóbi ju àwọn yòókù lọ, ṣútà ni wọ́n ń pè é, ńṣe lá máa gbé àwọn àbúrò rẹ̀ mì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Ẹ lọ sí abúlé ẹja tó wà ní Eriwe, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó bá àwọn tó lè fi ojú lásán yọ ṣútà kúrò láàárín ọgọ́rùn-ún ọmọ àrọ̀. Ẹ má lọ o. Wọ́n lè là yín lójú.

Torí náà, ẹ ra àrọ̀ tó tóbi jù nínú báàsì, kí owó yín lè hàn, kí ẹ sì ra epìyà tó kéré jù, kó lè pọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra epìyà tó kàn fi díẹ̀ ju ẹnu àrọ̀ lọ. Ẹ̀gún ẹ̀yìn epìyà le, ó sì mú. Àrọ̀ tó bá ṣi ìwọ̀n gbé lè jẹ́ kó há òun lọ́fun, ẹja méjì á sì kú sórí oúnjẹ kan.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé àwọn àgbẹ̀ máa ń kó àrọ̀ àti epìyà sínú adágún kan náà, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Òótọ́ ni. Epìyà ò mọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Oṣù mélòó kan péré ló máa fi wà láyé tí á ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Abo á gbé ẹyin sẹ́nu, kò ní jẹun títí wọ́n á fi pa. Bí ewu bá sì dé lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ á tún rọ́ wọ ẹnu ìyá wọn. Ọmọ tí wọ́n tọ́jú báyìí kì í tètè kú. Kó tó pẹ́, adágún á kún fún epìyà tí kò tó ìka, gbogbo wọn á máa jìjàdù oúnjẹ, ẹyọ kan ò ní tóbi tó èyí tí wọ́n lè gbé sórí àtẹ. Ìgbà yẹn ni àrọ̀ wọlé bí ọlọ́pàá: kó jẹ àwọn ọmọ, kí àgbà epìyà lè rí ààyè sanra. Ṣùgbọ́n epìyà ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sínú adágún. Wọ́n á jẹ́ kó dàgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá da àrọ̀ tẹ̀ lé e, àrọ̀ kéékèèké, tí kò pọ̀, tí ẹnu rẹ̀ ò sì lè gba àgbà epìyà. Ta ló kọ́kọ́ dé, báwo sì ni ẹnu ṣe fẹ̀ tó: ìbéèrè méjì yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Ọmọ epìyà ni wọ́n ní kí àrọ̀ jẹ. Wọn ò kó o wá fún ọ̀ṣọ́.

Ẹ má ka ìpínrọ̀ tó wà lókè yìí. Kò wúlò fún ẹni tó ní àpótí ẹsẹ̀ bàtà méjì, torí àrọ̀ tó kéré lónìí nínú rẹ̀ á ga ju epìyà lọ kí ọdún tó yípo, ọlọ́pàá á sì di ohun tí gbogbo wa mọ̀.

Tí ẹ bá tún fẹ́ kí epìyà fi ojú ara wọn rí màbo kí àrọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ra akọ kan àti abo kan. Akọ á gba igun kan, á fi ẹnu gbẹ́ yanrìn ibẹ̀ bí abọ́, á ní ilé òun nìyẹn, á sì máa lé abo kiri láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nínú odò, abo á sá lọ. Nínú àpótí, ó sá dé igun kejì, ó tún bá a níbẹ̀.

Ibùsùn àti iná aláwọ̀

Àrọ̀ fẹ́ràn òkùnkùn. Ègé páìpù kan tó lè wọ̀ á tó o ṣe ilé. Ẹ má fún un, torí tó bá wọ inú rẹ̀, kí wá ni àlejò á máa wò? Ẹ tan gílóòbù aláwọ̀ búlúù lé e lórí tọ̀sán-tòru.

Oúnjẹ

Oúnjẹ àrọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní èròjà amúnidàgbà tó nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí wọ́n ń fún epìyà máa ń wà níbi bí 30, epìyà sì tún máa ń họ ewédò tó bá hù sára òkúta jẹ. Ẹ má ra èyíkéyìí. Ẹ̀bà àná wà nílé. Búrẹ́dì wà. Bí ẹ bá ti ìnáwó dé, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà nínú láílọ́ọ̀nù.

Ọ̀sán ganrínganrín ni kí ẹ máa bọ́ wọn, kí gbogbo ilé lè péjọ wò ó. Epìyà á yára, á jẹ ẹ́ tán. Àrọ̀ tó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń dà láàmú, kò ní rí nǹkan kan jẹ. Ẹ ó sọ pé kì í jẹun púpọ̀, pé ẹja jẹ́jẹ́ ni. Ní aago méjì òru, jẹ́jẹ́ náà ló máa fi jẹun.

Nígbà tí wọ́n bá múná lọ

Ẹ̀rọ kékeré tó ń tu ìfófòó sínú omi kì í jẹ iná tó gílóòbù kan. Síbẹ̀, bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ihò iná ò sì tó, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ fi ihò rẹ̀ ṣáájì fóònù. Bọ́ọ̀lù á parí, jẹnẹrétọ̀ á kú, gbogbo ilé á sùn.

Kó tó pẹ́, epìyà á gòkè wá sójú omi, á yanu, á máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àrọ̀ náà á gòkè wá, á gbé afẹ́fẹ́ kan mì, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹja méjì, ojú omi kan, ìṣe kan náà. Tí ẹ ò bá mú nǹkan mìíràn nínú ìwé yìí, ẹ mú èyí: ẹ wo àwọn méjèèjì bákan náà.

Torí pé ọ̀tọ̀ ni. Àrọ̀ tó gòkè ń mí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, iná wà o, iná ò sí o, torí ẹ̀yà ara bí igi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Epìyà tó gòkè ti ń wá èémí tó tán nínú omi. Kò ní igi tirẹ̀. Omi kan náà ni wọ́n wà nínú rẹ̀ lójú yín. Ní tiwọn, ọ̀kan wà nílé, ìkejì ń rì, ẹja ni o. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé bóyá afẹ́fẹ́ ti tán nínú omi, ẹ nawọ́ sí àrọ̀ kí ẹ bi í pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ara èyí fi balẹ̀? Ẹ ní ebi ló ń pa wọ́n. Ẹ bu ẹ̀bà sí i. Èyí tí wọn ò bá jẹ á jẹrà, ìjẹrà á máa fa afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù.

Ní tèmi, ọjọ́ kẹfà ni wọ́n múná. Epìyà mẹ́ta ló kù nígbà yẹn, mo sì ti ṣàlàyé fún ìyàwó mi pé ẹja máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá dé ilé tuntun, pé ara ń bá àyíká mu ni. Mo dúró níwájú àpótí, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Epìyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sójú omi, wọ́n ń yanu, wọ́n ń pa á dé. Mo ní, "Ṣèyí, wá wò ó, wọ́n ń kí wa." Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Ó gbé imú lé gíláàsì, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Dádì, èyí tó dúdú ń wò wọ́n."

Mo ní kó lọ sùn.

Nígbà tó bá ku ẹyọ kan

Á ku ẹyọ kan. Ẹ má bá a jà, kò rú òfin kankan tí ẹ kà fún un. Bí àlejò bá béèrè, ẹ ní ẹyọ kan lẹ rà, pé irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ẹ má sì tún padà lọ ra epìyà mẹ́fà mìíràn láti fi dí àlàfo, bí mo ṣe fẹ́ ṣe kí ìyàwó mi tó gba owó náà lọ́wọ́ mi pé ó máa fi ra gáàsì.

Tèmi lo oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó yá, kò lè yí ara padà nínú àpótí mọ́. Bó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn, ńṣe ló máa ká kò bíi bẹ́líìtì. Gíláàsì ti họ níbi tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbà kọjá, tàbí kó jẹ́ pé ojú mi ló rí i bẹ́ẹ̀. Mo ti fún un lórúkọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bàbá ìyàwó mi wá kí wa láti Ìsẹ́yìn, ẹran ò sí nínú ilé, òjò sì ń rọ̀. Mo gbọ́ ọ̀bẹ lórí pátákó. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo ní, "Ìyá Ṣèyí, ẹja ọ̀ṣọ́ nìyẹn!"

Ó ní, "Ọ̀ṣọ́ náà ti tó."

Ata rodo, efinrin, iyọ̀ díẹ̀. Bàbá lá ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún lá a lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹja mélòó lẹ sè tó fi dùn báyìí?"

Ìyàwó mi ò gbójú sókè. Ó ní, "Méje ni, Bàbá."